Mò ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì déédéé àmọ́ inú mi gbẹ, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

AkọrinTóDákẹ́
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Ẹ má bínú tí ọ̀rọ̀ mi bá gùn. Inú ìgbàgbọ́ ni wọ́n bí mi sí, mo sì wà nínú kúáyà títí di bí mo ṣe ń kọ èyí. Nígbà tí iṣẹ́ gbé mi dé ìlú tuntun, mo rí ṣọ́ọ̀ṣì kan tí ẹ̀kọ́ wọn dáa, mo dara pọ̀ mọ́ wọn, mò ń kọrin, mò ń dáwó, Sọ́ńdè kì í lọ kí n má dé bẹ̀. Àmọ́ kí n sọ òótọ́, inú mi gbẹ. Tí mo bá ṣí Báíbù, ojú mi á máa sáré lọ lórí ìwé náà, kò sí nǹkan tó ń wọlé. Tí mo bá kúnlẹ̀, kí n tó sọ gbólóhùn mẹ́ta ọkàn mi ti dé ofísì. Èyí tó wá ń dùn mí jù ni pé nínú gbogbo àwọn tá a jọ ń kọrin, kò sí ẹnì kan tí mo lè pè lórí fóònù kí n sọ pé "nǹkan ò dáa fún mi o". A ó bọ ara wa lọ́wọ́, "ẹ kú ìjọsìn", "ó dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀", ó parí. Ṣé èmi ni mò ń ṣe é lódì ni àbí bẹ́ẹ̀ ló ń rí fún yín náà? Kí lẹ̀yin máa ń ṣe láti tọ́jú ẹ̀mí yín? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kàn sọ fún mi pé kí n gbàdúrà sí i, wọ́n ti sọ ìyẹn fún mi.

ÌyáOníwèé
Ọmọ mi, o ṣeun tó o lè sọ ọ́ síta. Lójú tèmi, ṣọ́ọ̀ṣì kọ́ ló wọ́n ẹ, èèyàn ló wọ́n ẹ. Èèyàn lè wà láàárín ẹgbẹ̀rún kan kó má sí ẹnì kan níbẹ̀ tó mọ̀ pé kò fojú ba oorun lánàá.

Lọ ka 1 Àwọn Ọba orí 19, má sáré kà á. Gbogbo oníwàásù ló máa ń bá wa sọ ti ìjì àti ohùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, wọn kì í sábà dúró níbi ẹsẹ 3 àti 4. Ibẹ̀ ni Èlíjà ti fi ìránṣẹ́ ẹ̀ sílẹ̀ ní Bíáṣébà, tó wá dá nìkan wọ aginjù lọ ní ìrìn ọjọ́ kan, tó jókòó sábẹ́ igi tó ní kí Ọlọ́run gba ẹ̀mí òun. Ẹni kan ṣoṣo tó wà lọ́dọ̀ ẹ̀, òun ló kọ́kọ́ fi sílẹ̀! Bẹ́ẹ̀ la ṣe máa ń ṣe tó bá ti rẹ̀ wá.

Wá wo ohun tí Ọlọ́run ṣe sí i. Kò bá a wí. Kò ní kó wá jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀. Áńgẹ́lì fọwọ́ kàn án, ó ní dìde, jẹun. Àkàrà wà lórí ẹyín iná, omi wà nínú ìkòkò lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí ẹ̀. Ó jẹ, ó mu, ó tún dùbúlẹ̀. Áńgẹ́lì náà tún padà wá lẹ́ẹ̀kejì, ó ní tún jẹ sí i, torí ọ̀nà tó kù jìn jù fún ẹ. Lẹ́yìn oorun, lẹ́yìn oúnjẹ, lẹ́yìn ìrìn ogójì ọjọ́ ni ọ̀rọ̀ tó délẹ̀ ní Hórébù. Ẹ̀ẹ̀mejì ni Èlíjà sọ níbẹ̀ pé èmi nìkan ló kù. Ọlọ́run wá sọ fún un pé 7,000 ń bẹ tí wọn ò kúnlẹ̀ fún Báálì, ó sì ní kó lọ fòróró yan Èlíṣà. Nígbà tí orí yẹn máa fi parí, Èlíṣà ti dìde, ó ń tẹ̀ lé e.

Nítorí náà ìbéèrè méjì ni mo ní fún ẹ. Ìgbà wo lo sùn dáadáa kẹ́yìn? Ta sì ni Èlíṣà ẹ?

ÀdúràLóLèṢeÉ
Màmá, pẹ̀lú ọ̀wọ̀ ni mo fi ń sọ ọ́ o, àmọ́ ẹ̀kọ́ "ẹ tọ́jú ara yín" yìí ti pọ̀ jù láyé ìsinsìnyí. Gbogbo nǹkan ló ti di sùn, sinmi, má fi ara ẹ ni ara. Jésù jí ní ìdájí, kí ilẹ̀ tó mọ́, ó lọ síbi tó dá láti gbàdúrà, Máàkù 1:35. Ìgbà míì, ẹran ara ló kàn ń ṣọ̀lẹ, ààwẹ̀ ló sì máa jí i. Arákùnrin tàbí arábìnrin tó béèrè, ti ara ẹ mọ́ yàrá, pa fóònù, gbààwẹ̀, wàá rí i.

ÌyáOníwèé
Bùrọ́dà mi, ó jí ní ìdájí lóòótọ́. Òun kan náà ló sùn lórí ìrọ̀rí nínú ọkọ̀ ojú omi nígbà tí ìjì ń jà, Máàkù 4:38. Òun náà ló sọ fún àwọn àpósítélì ní 6:31 pé kí wọ́n wá síbi tó dá kí wọ́n sinmi díẹ̀, torí èrò tó ń wọlé tó ń jáde pọ̀ débi pé wọn ò ráyè jẹun. Inú ìwé kan náà ni gbogbo ẹ̀ wà, ẹ ò wá lè mú ọ̀kan kẹ́ ẹ fi méjì sílẹ̀.

ÀdúràLóLèṢeÉ
😂 Ẹ ti mú mi, Màmá. Mo gbà fún yín. Ṣùgbọ́n mi ò kó ààwẹ̀ kúrò ńlẹ̀ o.

ÌyáOníwèé
Èmi náà ò kó o. Ṣáà má fún ẹni tí ebi ń pa ní ààwẹ̀.

Nọ́ọ̀sìAlẹ́
Ẹ jẹ́ n bá yín dá sí i, iṣẹ́ alẹ́ ni mò ń ṣe nílé ìwòsàn torí náà Sọ́ńdè míì á bá mi lórí ìdúró pẹ̀lú àwọn aláìsàn.

Ohun àkọ́kọ́: ẹ̀gbọ́n AkọrinTóDákẹ́ (tàbí àbúrò, ẹ má bínú, mi ò mọ ọjọ́ orí yín), kẹ́ ẹ tó sọ pé ẹ̀mí yín ló gbẹ, ẹ jọ̀ọ́ ẹ yẹ ara yín wò dáadáa. Tí ìbànújẹ́ tàbí àìnífẹ̀ẹ́ sí nǹkan kan bá ti wà lára yín lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kì í ṣe àdúrà nìkan ni kò wù yín, oúnjẹ náà ò wù yín tàbí ẹ̀ ń jẹ àjẹjù, oorun ò wá tàbí oorun ò lọ, ó ń rẹ̀ yín láìṣiṣẹ́, ẹ rò pé ẹ ò wúlò fún nǹkan kan, ìsoríkọ́ lè ni. Àìsàn ni, ó ní ìtọ́jú, dókítà ló yẹ kẹ́ ẹ rí. Ẹ lọ rí dókítà, kẹ́ ẹ tún máa gbàdúrà, wọn ò bá ara wọn jà. Tí èrò àtipa ara ẹni bá wá tiẹ̀ wọlé, ẹ má dúró de ọjọ́ ìpàdé kankan, ẹ sọ fún ẹnì kan tó wà nítòsí lónìí, kẹ́ ẹ sì lọ sílé ìwòsàn lónìí náà. Mo ti rí i tí wọ́n gbé èèyàn láti ilé àdúrà kan dé ilé àdúrà míì títí nǹkan fi bàjẹ́ kó tó di pé wọ́n gbé e dé ọ̀dọ̀ wa.

Ohun kejì: fún ẹ̀yin tí iṣẹ́ yín ò jẹ́ kẹ́ ẹ ráyè Sọ́ńdè, ẹ mú ọjọ́ míì kó jẹ́ ọjọ́ ìsinmi yín, kẹ́ ẹ sì sọ fún àwọn ará ilé kí wọ́n mọ̀. Tèmi ni Tọ́sìdeè. Mi ò kì í fọṣọ lọ́jọ́ náà, mi ò kì í dáhùn iṣẹ́, mo máa ń gbọ́ ìwàásù Sọ́ńdè tó kọjá, mo máa ń rìn jáde. Àmọ́ mo mọ̀ pé fídíò nìkan ò tó, kò sí bí mo ṣe fẹ́ gbé ẹrù fídíò tàbí kí fídíò bá mi gbé tèmi. Ìdí nìyẹn tí èmi àti àwọn méjì kan fi máa ń pe ara wa.

AkọrinTóDákẹ́
Àbúrò ni mí ma 😊 mo sì dúpẹ́. Mò ń jẹun dáadáa, iṣẹ́ ni kì í jẹ́ kí n sùn, mo ṣì ń rẹ́rìn-ín, kò tíì dé ibẹ̀ yẹn. Àmọ́ màá ṣọ́ra. Ẹ jọ̀ọ́, báwo lẹ ṣe ń ṣe ìpè ẹlẹ́ni mẹ́ta yẹn?

Nọ́ọ̀sìAlẹ́
Kò le rárá. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan náà lọ́sẹ̀, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ẹni tó bá kan ló máa ka ẹsẹ díẹ̀ nínú Báíbù, kì í ṣe ìwàásù, ó kàn kà á ni. Lẹ́yìn náà oníkálukú á dáhùn ìbéèrè mẹ́ta kan náà: kí ló mú inú ẹ dùn lọ́sẹ̀ yìí, kí ló ń wọ̀ ẹ́ lọ́rùn, kí lo fẹ́ ká bá ẹ gbàdúrà lé lórí? Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ló ń sọ, ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ gbà á nímọ̀ràn àyàfi tó bá bi wá. Òfin yìí ló gbà wá o, torí ọ̀kan nínú wa, tó bá gbọ́ ìṣòro, ojútùú ti dé ẹnu ẹ̀ kó o tó sọ̀rọ̀ tán. Á wá jẹ́ pé ẹni tó wà lápá ọ̀tún ẹ (lójú fóònù ni o) ló máa gbàdúrà fún ẹ, ó parí. Tí ẹnì kan ò bá lè wá, á fi ohùn ẹ̀ ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni kì í dùn, ká sòótọ́, ó kàn máa ń rí bíi ká ṣe é ká lọ. Àmọ́ nígbà tí màmá mi kú, àwọn méjì yẹn ni mi ò nílò láti ṣàlàyé nǹkan kan fún.

BàbáKíláàsì
Ẹ kú ọ̀rọ̀ o, ẹ̀yin ọmọ mi. Ohun tí nọ́ọ̀sì sọ yẹn, ó ti pẹ́ láyé. Lọ́dún 1742, ní Bristol nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gbèsè ilé ìpàdé wà lọ́rùn àwọn èèyàn John Wesley, oníwàásù tó dá ìjọ Mẹ́tọ́díìsì sílẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn wá dá a lábàá pé kí oníkálukú máa san pẹ́nì kan lọ́sẹ̀, kí wọ́n pín ìjọ sí méjìlá méjìlá, kí ẹnì kan nínú méjìlá máa lọ gba owó lọ́wọ́ àwọn tó kù. Àwọn agbowó bá bẹ̀rẹ̀ sí í lọ láti ilé dé ilé. Wọ́n dé ilé kan, wọ́n bá baálé níbi tó ti ń bá ìyàwó ẹ̀ jà. Wọ́n dé òmíràn, wọ́n bá onítọ̀hún nínú ọtí. Wesley gbọ́, ó ní áà, ohun tá a ti ń wá látọjọ́ yìí nìyí! Kíláàsì ni wọ́n ń pe ẹgbẹ́ ẹlẹ́ni méjìlá yẹn. Látìgbà náà, olórí kíláàsì ò gba owó nìkan mọ́, ó gbọ́dọ̀ béèrè bí ọkàn oníkálukú ṣe wà. Ẹ ò rí i pé gbèsè ló bí i, kì í ṣe ìran tàbí ìṣípayá kankan.

Ohun tó jẹ́ kó ṣiṣẹ́ ni pé wọ́n kéré. Jẹ́tírò náà mọ̀ ọ́n, nígbà tó rí Mósè tó jókòó láti òwúrọ̀ dalẹ́ tó ń dá ẹjọ́ gbogbo ìlú, ó ní nǹkan tó ò ń ṣe yìí ò dáa, á tán ẹ lókun, á tán àwọn èèyàn yìí náà lókun. Ó ní kó yan olórí ẹgbẹ̀rún, olórí ọgọ́rùn-ún, olórí àádọ́ta, títí dórí olórí mẹ́wàá, Ékísódù 18. Ọ̀dọ̀ olórí mẹ́wàá yẹn ni èèyàn ti máa ń rí ìtọ́jú. Tí ṣọ́ọ̀ṣì yín bá ní ìpàdé ilé, kíláàsì, ẹgbẹ́ àwọn ọ̀dọ́ tàbí ohunkóhun tí kò ju èèyàn méjìlá lọ, ibẹ̀ ni kó o lọ, bí kúáyà bá tiẹ̀ máa dín kù díẹ̀.

ÀtẹOrin
Bàbá, ẹ ṣeun. Kí n wá sọ ti kúáyà torí olórí akọrin ni mí. Ẹni tó bá ń sìn ní gbogbo Sọ́ńdè, iṣẹ́ ló ń lọ ṣe ní ṣọ́ọ̀ṣì, kì í ṣe ìjọsìn, ẹ má jẹ́ ká tan ara wa. Nígbà tí wọ́n ń wàásù, ó ń ronú lórí orin tó kàn, gbohùngbohùn tó ń ké, sópúránò tí ò tíì dé. Lọ́dọ̀ tiwa, gbogbo akọrin gbọ́dọ̀ jókòó sáàárín ìjọ ní Sọ́ńdè kan lóṣù, kó má kọrin, kó má wọ aṣọ kúáyà, kó jókòó pẹ̀lú ìdílé ẹ̀. Àwọn kan kọ́kọ́ bínú, wọ́n ní mo fẹ́ yọ àwọn. Ní báyìí àwọn gan-an ló máa ń rán mi létí. Lọ bá olórí kúáyà yín, sọ pé o fẹ́ ìsinmi díẹ̀, sọ ìdí ẹ̀. Olórí tó bá ní ọgbọ́n ò ní bínú, tó bá sì bínú, ìyẹn náà ti fún ẹ lésì.

TiẸnuMiJáde
Gbogbo ohun tẹ́ ẹ̀ ń sọ dáa, àmọ́ ẹ jẹ́ n sọ èyí tó le. Mo sọ àṣírí mi fún ẹnì kan nínú fẹ́lóṣíìpù wa nígbà kan, mo ní kó bá mi gbàdúrà. Kí ọ̀sẹ̀ tó yí po, wọ́n ti fi ń gbàdúrà fún mi lórí gúrúpù, "ẹ rántí arábìnrin wa kan tí ọkọ ẹ̀..." Ta ni ò mọ̀ pé èmi ni? Látìgbà yẹn, mo máa ń lọ, mo máa ń jókòó lẹ́yìn pátápátá, tí wọ́n bá ṣe "àlàáfíà fún yín" tán mo ti dé ẹnu ọ̀nà. Ẹ máa sọ pé "ẹ ru ẹrù ara yín", ta ló máa wá ru ti ẹni tí wọ́n da ẹrù ẹ̀ sí gbangba?

ÌyáOníwèé
Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. Ohun tí wọ́n ṣe sí ẹ yẹn ò dáa rárá, àdúrà tí wọ́n fi bò ó ò sì sọ ọ́ di dáadáa. Òfófó ni.

BàbáKíláàsì
Jákọ́bù 5:16 ní kí ẹ jẹ́wọ́ fún ara yín, kí ẹ sì gbàdúrà fún ara yín. Kò sọ pé fún gbogbo ìjọ, kò sì sọ pé ọjọ́ kan náà tẹ́ ẹ pàdé. Ẹ máa fi nǹkan kékeré dán èèyàn wò. Sọ ohun tí kò ní pa ẹ́ lára tó bá jáde, wo ibi tó dé. Tún ṣọ́ bó ṣe ń sọ̀rọ̀ àwọn ẹlòmíì níwájú ẹ: ẹni tó ń gbé ti ẹlòmíì wá bá ẹ, á gbé tìẹ náà lọ bá wọn. Níbi kíláàsì tiwa, ọjọ́ tí ẹni tuntun bá wọlé la máa ń tún òfin kà, pé ohun tá a bá sọ níbí, ibí ló máa kú sí, àyàfi tí ẹ̀mí ẹnì kan tàbí ọmọdé bá wà nínú ewu. Tó o bá fẹ́ kí wọ́n bá ẹ gbàdúrà lórí gúrúpù, ìwọ fúnra ẹ ni kó o kọ ọ́ síbẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má bá ẹ kọ ọ́.

Ẹ̀gbọ́nAláròjinlẹ̀
Mo fẹ́ fi kún ti bàbá. Àwọn ibì kan wà tó jẹ́ pé kì í ṣe òfófó ni ìṣòro ibẹ̀, olórí ni. Tó bá ní kó o má bá ẹbí ẹ sọ̀rọ̀ mọ́, tó bá ní gbogbo ìpinnu ẹ gbọ́dọ̀ gba ọwọ́ òun kọjá, tó ń gba owó kó tó gbàdúrà fún ẹ, tó ń fi ohun tó o jẹ́wọ́ halẹ̀ mọ́ ẹ, tó ní ẹni tó bá kúrò lọ́dọ̀ òun á rí ìbínú Ọlọ́run: kúrò níbẹ̀. Má bá wọn jiyàn, má dúró gba ìbùkún ìdágbére. Kí o sì sọ fún ẹnì kan tó wà níta ibẹ̀ kó o tó kúrò.

TiẸnuMiJáde, ní tìrẹ, má ṣe jẹ́ kí ẹnì kan ṣoṣo yẹn gba gbogbo ìjọ lọ́wọ́ ẹ. Mi ò ní kó o padà lọ bá a. Wá ẹnì kan péré, obìnrin bíi tìẹ, tó ṣeé ṣe kó dàgbà jù ẹ́ lọ, ẹni tí ẹnu ẹ̀ kì í yá. Jésù gan-an, mẹ́ta ló mú wọnú Gẹtisémánì lọ́hùn-ún, ó sì sọ fún wọn pé ọkàn òun bà jẹ́ títí dé ikú. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì sùn lọ! Ó padà dé, ó bá wọn lójú oorun, ó tún padà lọ, ó tún bá wọn lójú oorun. Bẹ́ẹ̀ kò sọ pé òun ò ní ọ̀rẹ́ mọ́, lẹ́yìn àjíǹde ó tún wá wọn lọ. Èèyàn á já ẹ kulẹ̀, èyí tó dáa nínú wọn náà á já ẹ kulẹ̀ lọ́jọ́ kan.

TiẸnuMiJáde
Ẹ ṣé. Màá ro ó. Mi ò ṣèlérí o.

Ọlọ́mọJòjòló
Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń sọ pé "ti ara ẹ mọ́ yàrá", ẹ bá mi di ọmọ yìí mú ná 😭 Láti ìgbà tí mo ti bímọ, mi ò rántí ìgbà tí mo gbàdúrà tí mi ò sùn lọ síbẹ̀. Mo ti wá gbà pé àkókò yìí ò lè rí bíi ti tẹ́lẹ̀. Ohun tí mò ń ṣe ni pé mo mú àdúrà kúkúrú kan, gbólóhùn kan péré, mo so ó mọ́ nǹkan tí mò ń ṣe lójoojúmọ́ tẹ́lẹ̀. Tí mo bá fẹ́ fún un lọ́mú, "Olúwa, bọ́ èmi náà." Tí mo bá ń pààrọ̀ ìtẹ́dìí ẹ̀ lóru, "Olúwa, wẹ̀ mí mọ́." Mo sì máa ń fi fóònù gbọ́ Báíbù tí wọ́n ń kà sókè, orí kan náà fún odidi ọ̀sẹ̀, kó lè wọlé. Ọkọ mi á gbé ọmọ lọ síta fún wákàtí kan ní Sátidé, mo ti sọ fún un pé kó má bi mí ohun tí mo fi wákàtí náà ṣe. Ìgbà míì mo gbàdúrà, ìgbà míì mo kàn sùn, Màmá ÌyáOníwèé ti wá fi Èlíjà dá mi láre báyìí.

Báíbù_Orí_Fóònù
AkọrinTóDákẹ́, ti kíka Báíbù tó ò wọlé yẹn, ẹ gbìyànjú èyí. Májẹ̀mú Tuntun jẹ́ orí 260. Orí kan lóòjọ́, ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀, ọ̀sẹ̀ 52, ẹ ti kà á tán lọ́dún kan, ọjọ́ méjì tó kù lọ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan sì wà fún èyí tẹ́ ẹ bá pàdánù. Ìyẹn ò ní wọ̀ yín lọ́rùn bíi ti àwọn ètò "gbogbo Báíbù lọ́dún kan" tí gbogbo wa máa ń sá kúrò nínú ẹ̀ tá a bá ti dé Léfítíkù.

Tó bá jẹ́ àdúrà gan-an ni kò wá, ẹ yá ọ̀rọ̀ lò lọ́wọ́ Sáàmù. Sáàmù jẹ́ 150, nítorí náà márùn-ún lóòjọ́ á tán lóṣù kan. Ẹ wo ọjọ́ tó wà lórí kàlẹ́ńdà, ẹ máa fi 30 kún un. Tó bá jẹ́ ọjọ́ 7 nínú oṣù, Sáàmù 7, 37, 67, 97, 127. Ẹ ò ní láti ka gbogbo márààrún, ẹ yẹ̀ wọ́n wò wéré, ẹ mú èyí tó bá yín mu lọ́jọ́ náà, kẹ́ ẹ kà á sókè, kẹ́ ẹ sọ ọ́ di tiyín. Ọjọ́ 29 ni Sáàmù 119 bọ́ sí, ẹsẹ 176 ló ní, torí náà ẹ fò ó, ẹ fi pamọ́ de ọjọ́ 31 tí kò ní Sáàmù tiẹ̀.

Ẹ ṣáà má fo àwọn tó ń sunkún. Sáàmù 13 bi Ọlọ́run pé "yóò ti pẹ́ tó" lẹ́ẹ̀mẹrin nínú ẹsẹ méjì àkọ́kọ́. Sáàmù 88 tiẹ̀ parí sínú òkùnkùn, kò sí "ṣùgbọ́n èmi ó yìn ọ́" kankan lẹ́yìn ẹ̀. Ó sì wà nínú Báíbù! Ẹni tí inú ẹ̀ gbẹ, kò dìgbà tó bá ń jó kó tó lè gbàdúrà.

Ẹ gbé fóònù sí yàrá míì tẹ́ ẹ bá ń kà á. Èmi tí mò ń jẹ́ Báíbù_Orí_Fóònù ni mo sọ bẹ́ẹ̀ 😅 Báíbù oníwèé ni mò ń lò láàárọ̀ báyìí.

ÀdúràLóLèṢeÉ
Ẹ̀gbọ́n, ti Sáàmù yìí dáa gan-an, mò ń bẹ̀rẹ̀ lónìí. Kí n fi ti alẹ́ kún un: kí n tó sùn mo máa ń wo ọjọ́ náà padà láti òwúrọ̀, díẹ̀díẹ̀, mo máa ń béèrè ibi tí mo ti rí ọwọ́ Ọlọ́run àti ibi tí mo ti kẹ̀yìn sí i, mo dúpẹ́ fún ti àkọ́kọ́, mo tọrọ àforíjì fún èkejì, mo sọ ohun tí mo nílò fún ọ̀la. Kò gba ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ọ̀rẹ́ mi Kátólíìkì ló kọ́ mi, ó ní látọwọ́ Ignatius ti Loyola ló ti wá, ìyẹn láti ayé àwọn ọdún 1500. Mo ní ìwé kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, ojú ìwé apá òsì fún ohun tí mo tọrọ, pẹ̀lú déètì, apá ọ̀tún fún ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà. Apá ọ̀tún ló máa ń pẹ́ kó tó kún, àwọn ibì kan ṣì ṣófo títí dòní, mi ò kọ irọ́ kún un.

AkọrinTóDákẹ́
Ẹ̀yin èèyàn yìí, Ọlọ́run á bù kún yín. Mo ti ka gbogbo ẹ̀. Mo bá olórí kúáyà sọ̀rọ̀ lẹ́yìn ìdánrawò, ó kọ́kọ́ fajú ro, ó wá sọ pé òun náà ti rẹ̀ ẹ́ tipẹ́. A jọ jókòó sínú ọkọ̀ ẹ̀ a sọ̀rọ̀ títí wọ́n fi ti géètì mọ́ wa lórí. Àwa méjì fẹ́ máa pàdé báyìí ní Wẹ́sìdeè kí ìdánrawò tó bẹ̀rẹ̀, a ṣì ń wá ẹnì kẹta. Bàbá, ìpàdé ilé kan wà ní àdúgbò mi, màá lọ wò ó. Mi ò tíì lè sọ pé inú mi ti tutù o, Báíbù ṣì ń nira, àmọ́ Sáàmù ń lọ.

Ìbéèrè kan ṣoṣo: tí ẹnì kejì bá ń pa ìpàdé jẹ ńkọ́? Torí mo mọ ẹni tí mò ń sọ 😂

Nọ́ọ̀sìAlẹ́
Má sọ ọ́ di ẹjọ́. Pè é lọ́jọ́ yẹn gan-an, sọ pé mo retí ẹ, ṣé kò sí? Kó o tẹ́tí sí ohun tó máa sọ. Tó bá ń ṣẹlẹ̀ ṣáá, ẹ yí ọjọ́ padà tàbí kẹ́ ẹ gé e kúrú, ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tó wáyé sàn ju wákàtí kan tí kò wáyé. Ẹ sì tètè wá ẹnì kẹta yẹn, torí tí ẹnì kan ò bá sí, àwọn méjì ṣì wà.

Ọlọ́mọJòjòló
Ẹ̀gbọ́n Báíbù_Orí_Fóònù, ẹ jọ̀ọ́, oṣù Fébúárì ńkọ́? Kò ní ọjọ́ 30 rárá, kò sì ní 29 ní ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn Sáàmù yẹn á sì ṣẹ́kù.

Báíbù_Orí_Fóònù
Ẹ fi wọ́n sílẹ̀ di Máàṣì, àǹtí mi. Kò sí ẹni tó ń máàkì ìwé wa.